Ilẹ̀ Wo Gan-an Lẹ Ṣiṣẹ́ Sí? Ọ̀rọ̀ Lórí Àpèjúwe Ilẹ̀ Nínú Ìwé Líìnì Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Tàn Ká Ọ̀pọ̀ Pulọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá oníná, ẹ̀yin ọ̀gá onípáìpù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lẹ táìlì àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da kọnkéré káàkiri Houston ní Texas, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru. Mo rí àwọn tó wá láti Katy, mo rí àwọn ará Richmond, mo sì rí àwọn ará Alief tí wọ́n ti kún ìlà iwájú. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ kì í ṣe èyí tí ń dùn létí, ṣùgbọ́n owó yín ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tí onílé kò sanwó, ìwé líìnì, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ń so ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí wọ́n á fi sanwó yín, kò le púpọ̀ láti kọ. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń mówó gidi wọlé fún wa báyìí ni ti ẹ́sítéètì: ilé ogún, ilé ogójì, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni ìwé líìnì ti ń fọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ohun tó sì máa ń fọ́ ọ jù ni ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yẹ kó sọ ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Àpèjúwe ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ tí ìjà bá dé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gba iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti ní in lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì máa kọ iye tó jókòó sórí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, orí rẹ̀ ló ń pa dà sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí ohun tí líìnì jẹ́. Ìdè ni, tí òfin fi sí orí ilẹ̀ àti ilé nítorí ẹni tó fi òógùn rẹ̀ tàbí ohun èlò rẹ̀ kọ́ ọ tí wọn kò sanwó fún. Bí ìdè yẹn bá wà lórí ilẹ̀, títà rẹ̀ á nira, báńkì kò ní fẹ́ yáni lówó lé e lórí, bó bá sì dé kóòtù, wọ́n lè pàṣẹ kí wọ́n ta ilẹ̀ náà láti fi san gbèsè. Ọdún 1791 ni ilé aṣòfin Maryland ti kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ olú-ìlú tuntun tí a ń pè ní Washington. Thomas Jefferson àti James Madison wà lára àwọn tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀mọ̀lé kò ní gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ wá sínú igbó bí kò bá sí ohun tó dá a lójú pé owó rẹ̀ kò ní ṣègbé.

Texas gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ débi pé wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 1876, ní Article XVI, Section 37: ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kó ohun èlò wá ní líìnì lórí ilé tó kọ́ tàbí tó tún ṣe. Àmọ́ kìkì ẹni tó bá onílẹ̀ ṣe àdéhùn ní tààrà ni èyí wà fún. Púpọ̀ nínú wa níbí, ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe àgbà la ti ń gbaṣẹ́. Àwa, orí Chapter 53 nínú Property Code, ìyẹn ìwé òfin ohun ìní ti Texas, la dúró lé, Chapter 53 sì ní àwọn ìgbésẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Ìwé méjì wà nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyẹn tí àwọn èèyàn wa máa ń dàpọ̀. Ọ̀kan ni ìwé ìkìlọ̀ tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí onílẹ̀ àti agbaṣẹ́ṣe àgbà pé owó yín kò tíì wọlé. Fún àdéhùn àkọ́kọ́ tí onílẹ̀ bá agbaṣẹ́ṣe àgbà ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2022 wá, òfin ti fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ lélẹ̀, fọ́ọ̀mù náà sì gbà kẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì tàbí kẹ́ ẹ júwe iṣẹ́ náà. Ìwé kejì ni ìwé ìbúra líìnì tí ẹ máa fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì. Èyí kò gba àdírẹ́sì lásán mọ́. Òfin ní kí àpèjúwe ilẹ̀ inú rẹ̀ tó lójú òfin láti fi dá ilẹ̀ náà mọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí èèyàn da ohun tó kọ sínú ìwé àkọ́kọ́ sínú ìkejì. Àkọ́kọ́ gbà á, ìkejì lè kọ̀ ọ́.

Báwo ni kóòtù ṣe ń wọn èyí tó tó? Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: bí ẹni tó mọ àdúgbò náà bá ka ìwé yín, ṣé á lè tọ́ka sí ilẹ̀ yẹn gan-an, láì sí òmíràn tí ìwé náà tún lè bá mu? Fún ilé kan tó dá dúró, àdírẹ́sì tó péye lè tó nígbà mìíràn. Fún ẹ́sítéètì tó ń lo àdírẹ́sì ọ́fíìsì títà ilé kan ṣoṣo fún ogójì pulọ́ọ̀tì, kò lè tó. Nílé, bẹ́ ẹ bá ní kí àlejò bọ́ọ́lẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, kó béèrè ilé ìyá alágbo tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, á débẹ̀, nítorí á rí èèyàn bi. Akọ̀wé káúńtì kò rí ẹni bi. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ àti ìwé tó ti wà nínú àkọsílẹ̀ káúńtì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára wọn mu.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo bí àkọsílẹ̀ yẹn ṣe ń júwe ilẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀.

Èyí tẹ́ ẹ máa bá pàdé jù ni ti Lot àti Block: Lot ni pulọ́ọ̀tì kan, Block ni àkójọ pulọ́ọ̀tì, Section sì ni ìpín ńlá inú ẹ́sítéètì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ́sítéètì bá gé ilẹ̀, sọ̀féyọ̀ á ya àwòrán ìpín rẹ̀, wọn á sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ náà di Lot báyìí, nínú Block báyìí, nínú Section báyìí ti ẹ́sítéètì báyìí. Ní Harris County, àwòrán náà á ní nọ́ńbà Film Code nínú Map Records. Ní Fort Bend, á ní nọ́ńbà nínú Plat Records. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má fo Section. Mo tún un sọ: ẹ má fo Section. Ẹ́sítéètì ńlá ní àgbègbè wa máa ń ní Section 1, Section 2, títí dé mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Lot 7, Block 2 sì lè wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá kọ Lot 7, Block 2 tí kò kọ Section ti lè fi ìdè sórí ilé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, nígbà tí ilẹ̀ tó jẹ ẹ́ lówó wà lómìnira.

Ìkejì ni ilẹ̀ tí wọn kò tíì gé. Wọ́n ń fi ìrìn sọ̀féyọ̀ júwe rẹ̀: láti orí ọ̀pá irin kan, ó gba apá àríwá-ìlà-oòrùn lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ báyìí, ó yà, ó tún yà, títí tó fi pa dà sórí ọ̀pá irin tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlà wọ̀nyí lè kún ojú ìwé méjì. Texas tún ní ìtàn tirẹ̀ nínú èyí. Kò sí lábẹ́ ètò ìgélẹ̀ onígun mẹ́rin tí ìjọba àpapọ̀ lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí náà ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ilẹ̀ lábẹ́ ìjọba Mẹ́síkò àti lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà Abstract. Ẹ máa rí John Austin Survey, Abstract 1, nínú ìwé ilẹ̀ ní Houston níbí. Ẹ tún lè bá ìwọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní vara pàdé, tó jẹ́ íǹṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Irú àpèjúwe báyìí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Bí ìka bá tẹ S (gúúsù) níbi tó yẹ kó tẹ N (àríwá), ìlà náà kò ní pa dà sílé mọ́. Ẹ lọ gba ẹ̀dà ìwé tí onílẹ̀ fi ra ilẹ̀, ẹ fi àpèjúwe inú rẹ̀ mọ́ ìwé ìbúra yín gẹ́gẹ́ bí Exhibit A, ìyẹn àfikún àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì sọ nínú ìwé pé òun ni ilẹ̀ tí ẹ ń sọ.

Ìkẹta ni nọ́ńbà owó orí. Àjọ tó ń díyelé ilẹ̀ ní Harris, HCAD, ń fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà oníkókó mẹ́tàlá, ó sì rọrùn láti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ nìyẹn, nítorí wọ́n rí ohun kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ legal description. Ẹ wò ó dáadáa. Ìgékúrú ni. “TRS 4A & 5B ABST 1” tó wà níbẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń gba owó orí, kì í ṣe àpèjúwe tó wà nínú ìwé ìní ilẹ̀. Nọ́ńbà owó orí dára láti fi kún un. Ẹ má fi òun nìkan ṣe é.

Ó wá ku iṣẹ́ tó tàn ká. Section 53.022 nínú Property Code sọ pé nínú ìlú, líìnì ń dé orí Lot kọ̀ọ̀kan tí ilé náà jókòó sí tàbí tí a ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀; ní ìta ìlú, kò gbọ́dọ̀ ju 50 éékà lọ. Ẹ gbọ́ ọ: Lot tí a ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ́sítéètì. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ilẹ̀ kì í dúró bó ṣe wà títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ gba iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ náà jẹ́ odindi kan tí wọ́n fi ìrìn sọ̀féyọ̀ júwe. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n ti gé e sí Lot. Láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n ti tún àwọn Lot kan gé. Kí ọdún tó yí po, ìdílé mẹ́rin ti kó wọlé. Àpèjúwe tó tọ̀nà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ sí àdéhùn ti lè di àpèjúwe ilẹ̀ tí kò sí mọ́ nínú àkọsílẹ̀.

Àwọn onílẹ̀ pẹ̀lú ń yí pa dà. Ó wọ́pọ̀ kí ilé-iṣẹ́ kan dá LLC kan, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó dá dúró lábẹ́ òfin, sílẹ̀ fún Section 1, òmíràn fún Section 2, ọ̀gá kan náà, fóònù kan náà, mọ́tò kan náà níbi iṣẹ́. Lójú òfin, onílẹ̀ méjì ni wọ́n. Ibi ìwẹ̀ àti ilé ìpàdé lè ti di ti ẹgbẹ́ àwọn onílé. Títì tí wọ́n ti yọ̀ǹda fún ìjọba ti kúrò lára ohun tí líìnì lè mú, nítorí a kì í fi líìnì sí ilẹ̀ ìjọba. Iṣẹ́ ìjọba ní bọ́ǹdì tirẹ̀, ìyẹn ìwé ìdúró tí ilé-iṣẹ́ kan fi ṣèlérí owó, tí èèyàn ń dojú kọ.

Káúńtì ńkọ́? Ìwé ìbúra gbọ́dọ̀ wà ní káúńtì tí ilẹ̀ wà. Ẹ̀yin ará Katy, ẹ mọ̀ pé ìlú yín wà nínú káúńtì mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Houston fúnra rẹ̀ na ẹsẹ̀ dé Fort Bend àti Montgomery. Bí ẹ́sítéètì bá jókòó sórí ààlà, ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní Harris kò mú ilẹ̀ tó wà ní Fort Bend. Ẹ fi sílẹ̀ ní méjèèjì, kí ìwé kọ̀ọ̀kan sì sọ Lot tó wà ní káúńtì tirẹ̀.

Mo fẹ́ fara balẹ̀ níbi pípín owó, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Oníná kan gba iṣẹ́ lórí Lot 1 sí 10, Block 2, ní 9,000 dọ́là ilé kan, ó sì tún gba iṣẹ́ ilé ìpàdé tó wà lórí Reserve A (ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú àwòrán ìpín) ní 36,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 126,000. Ó parí Lot 1 sí 4, ìyẹn 36,000. Ó ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ lórí Lot 5 sí 10, 6,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 36,000 mìíràn. Ó parí ilé ìpàdé, 36,000. Iṣẹ́ tó ti ṣe tó 108,000 dọ́là. Wọ́n ti san 72,000. Ó ku 36,000. Agbaṣẹ́ṣe àgbà kò gbé fóònù mọ́.

Ilẹ̀ wo ló jẹ ẹ́ ní 36,000 yẹn?

Bí ìwé owó rẹ̀ bá fi hàn pé 72,000 tí wọ́n san jẹ́ ti Lot 1 sí 4 àti ti ilé ìpàdé, a jẹ́ pé gbogbo gbèsè náà wà lórí Lot 5 sí 10, 6,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní ohunkóhun í fi so Lot 1 sí 4 mọ́lẹ̀, níbi tí àwọn ìdílé ti ń gbé. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé owó ń wọlé gọbọi-gọbọi láì sọ ti ilé wo, tí òun náà kò sì kọ nǹkan kan, ohun tó kù fún un ni kó pín in bí iṣẹ́ ṣe tó. Ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ ni wọn kò tíì san. Lot 1 sí 4 á jẹ́ 3,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, Lot 5 sí 10 á jẹ́ 2,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé ìpàdé á jẹ́ 12,000. Àpapọ̀ rẹ̀ kò yí pa dà, 36,000 ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó gbé e ti yí pa dà pátápátá, àwọn tó máa bá a jà sì ti yí pa dà pẹ̀lú wọn. Ìwé owó tó kọ lójoojúmọ́, tí kò kà sí nǹkan kan, ló pinnu èyí tó máa jẹ́.

Ẹ wo àǹfààní pípín in dáadáa. Onílẹ̀ tó fẹ́ ta Lot 6 lọ́sẹ̀ yìí lè san 6,000, kẹ́ ẹ fún un ní ìwé ìtúsílẹ̀ fún Lot 6 nìkan, kí líìnì yín sì dúró lórí márùn-ún tó kù. Owó kékeré tó ń dí ọjà ńlá lọ́wọ́ máa ń tètè jáde. Bó bá sì jẹ́ 36,000 ẹ kọ sórí gbogbo wọn láì pín in, onílẹ̀ lè lọ mú bọ́ǹdì wá láti fi gba ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin Texas, líìnì tí kò ju 40,000 lọ, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni bọ́ǹdì máa jẹ́, ìyẹn 72,000 fún tiwa yìí. Bí bọ́ǹdì bá ti dé, ilẹ̀ ti bọ́, ẹ ti ń bá ilé-iṣẹ́ bọ́ǹdì fa ọ̀rọ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò fi ọ̀rọ̀ pípín yìí sílẹ̀ fún ọgbọ́n orí ẹnikẹ́ni. Ní California, Civil Code 8446 gbà kí èèyàn fi ìwé líìnì kan ṣoṣo mú iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá jẹ́ ti onílẹ̀ kan náà tàbí tó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló gbéṣẹ́ náà fúnni, ṣùgbọ́n kó sọ iye tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àdéhùn bá jẹ́ owó kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, òfin náà gbà kó fojú bù ú bí iṣẹ́ ṣe tó. Bí kò bá sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, líìnì rẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn àwọn líìnì yòókù. Ìpínlẹ̀ Washington sọ ohun tó fara jọ ọ́ nínú RCW 60.04.131. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ ní Florida, ẹ sọ fún wọn pé Section 713.09 nínú òfin ibẹ̀ gbà kí wọ́n fi ìwé kan mú ọ̀pọ̀ Lot, àti pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ó ti gbà á kódà bó bá jẹ́ àdéhùn púpọ̀, níwọ̀n ìgbà tí onílẹ̀ bá jẹ́ ẹnì kan náà lórí gbogbo ilẹ̀ yẹn. Minnesota fún èèyàn láǹfààní láti yàn: kó kọ ọ́ pọ̀ tàbí kó pín in.

Chapter 53 tiwa kò to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ bíi ti California. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ pín in bí ẹni pé ó pa á láṣẹ. Ìwé tó ti pín owó rẹ̀ lè dúró níwájú adájọ́ kó sọ ibi tó ti rí gbogbo kọ́bọ̀. Èyí tí kò pín in, ẹnu lásán ló kù fún un.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń rò pé bí ìdè bá ti pọ̀ tó ni owó ṣe máa yá tó. Wọn á kọ gbogbo Lot inú ẹ́sítéètì, èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn àti èyí tí wọn kò tẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó pè é ní igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Chapter 12 nínú Civil Practice and Remedies Code ti Texas sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ lo ìwé líìnì ayédèrú lè san 10,000 dọ́là tàbí iye tí ẹni náà pàdánù, èyí tó bá pọ̀ jù, pẹ̀lú owó lọ́yà. Òótọ́ ni pé fún líìnì Chapter 53, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé èèyàn ní èrò láti fi jìbìtì ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ bí wọ́n bá bi í pé wáyà mélòó ló fà lórí Lot 31, tí kò sì fa ẹyọ kan níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà kàn wá, torí púpọ̀ nínú yín ló ń tún ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe nínú àwọn pláàsà tó wà ní òpópónà Bissonnet. Bó bá jẹ́ ayálégbé ló gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ̀tọ́ ayálégbé náà nìkan ni líìnì ń mú, kì í ṣe ilẹ̀ onípláàsà. Ẹ kọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ orúkọ ẹni tó yá a àti ẹni tó fi yá a, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ àpèjúwe ilẹ̀ tí pláàsà wà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá pláàsà náà fúnra rẹ̀ kò jókòó sórí ìpín ilẹ̀ méjì. Ó ń ṣẹlẹ̀.

Gbèdéke ọjọ́, ẹ fi sọ́kàn. Bẹ́ ẹ bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe àgbà, tó jẹ́ oṣù Kẹta ni ẹ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn tí wọn kò sanwó rẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ lọ kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹfà, ìwé ìbúra kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje. Fún iṣẹ́ ilé gbígbé, ó kúrú jù bẹ́ẹ̀: oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ìwé ìbúra sílẹ̀, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ ní láti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílẹ̀. Bí onílẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ̀dà mẹ́ta. Bó bá jẹ́ àdéhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ní fún Lot kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ Lot kọ̀ọ̀kan ń kà lọ́tọ̀, Lot 1 lè ti kú nígbà tí Lot 10 ṣì wà láàyè. Bí ọkàn yín bá pín sí méjì, ẹ tẹ̀ lé èyí tó kúrú jù. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ máa ṣàtúnṣe bó bá yá: ilẹ̀ tẹ́ ẹ gbàgbé láti kọ, ó ṣòro púpọ̀ láti fà á wọlé lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti kọjá.

Ó wá ku bí èèyàn á ṣe máa ṣe é. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́, kí mọ́tò yín tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè àwòrán ìpín ilẹ̀ tí wọ́n ti gbé lọ sí káúńtì. Bí wọn kò bá tíì gbé e lọ, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi ra odindi ilẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì pa dà lọ wo àkọsílẹ̀ káúńtì lóṣooṣù títí àwòrán á fi jáde. Ẹ la ìwé kan tó ní Lot, onílẹ̀, iye iṣẹ́, iye tí wọ́n san, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ẹ kọ nọ́ńbà Lot sórí gbogbo ìwé owó. Ẹ sọ fún awakọ̀ tó ń já wáyà, páìpù tàbí táìlì sílẹ̀ pé kó kọ Lot sórí ìwé ìgbẹ́rù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Kò ní gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Mo ti rí ìwé ìgbẹ́rù tí kò ní ju orúkọ ẹ́sítéètì àti ọ̀rọ̀ náà “jobsite” lọ, tí odindi tọ́rọ́ọ̀kì ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí nìyẹn fẹ́ fi hàn fún adájọ́?

Ó ń dùn mí, torí mo mọ ohun tí wáyà fífà nínú àjà ilé ní oṣù Kẹjọ ń ṣe fún ara. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó pàdánù owó rẹ̀ nítorí pé kò kọ Section 3.

Bàbá kan béèrè ìbéèrè kí n tó parí, mo sì fẹ́ kó wà nínú ìwé yìí fún àwọn tí kò sí níbẹ̀: bí wọ́n bá ti ta Lot náà fún ẹlòmíràn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, orúkọ ta ni ká kọ? Mo ní, bàbá, ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìwé sílẹ̀, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ àti ti ẹni tó ni ín báyìí, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì, kẹ́ ẹ sì gbé gbogbo ìwé yín tọ lọ́yà tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ lọ, nígbà tí ọjọ́ ṣì kù nílẹ̀ kí kẹẹ̀ẹ́dógún tó pé.